Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Tó Ń Ṣètò Àjọ̀dún Orin Ìlú Wa: Ọkọ́ Ni, Kì í Ṣe Oko

Alága, àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ gbogbo,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é láyọ̀. N kò ní dárúkọ ìgbìmọ̀ yín nínú lẹ́tà yìí, nítorí ẹ mọ ara yín, àwa tá a jọ ń gbé Ìjẹ̀bú-Igbó náà sì mọ̀ yín. Èmi ni mo gberin lẹ́yìn Àlàájà, olórin tó jẹ́ ọ̀gá mi, fún ọdún 23. Ìyá Ègbè ni àwọn onílù ń pè mí. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, ìbáà korò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá sí ọ́fíìsì yín kí n tó ṣe èyí. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní ẹ wà nípàdé. Lẹ́ẹ̀kejì, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́wàá títí wọ́n fi pèrun àìlà, ẹnikẹ́ni kò jáde sí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín ní gbangba.

1. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí báńnà.

Ní Sátidé tó kọjá ni mo ń ti ọjà bọ̀, mo rí báńnà tí ẹ gbé kọ́ síwájú gbọ̀ngàn ìlú. Àwòrán Àlàájà ló wà níbẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí Àlùjánnà. Lábẹ́ àwòrán ni ẹ kọ orin tí ẹ fi ṣe àkòrí ọdún yìí sí: OKO BABA WA. Mo sọ ẹrù mi kalẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ ni mọ́tò tó ń polongo fún yín kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkùnrin inú rẹ̀ ń kígbe pé, "Oko bàbá wa! Ẹ wá bá wa ṣe àjọ̀dún oko bàbá wa!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí oko nínú orin yẹn. Ọkọ́ ni. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè. Ó dá mi lójú nítorí èmi ni mo hun ún. Bí ẹ bá ti bi ẹnì kan ṣoṣo nínú àwa tó kù láyé tí a jọ kọ ọ́, ẹ kì bá tí ṣi í kọ. Ẹ kò bi wá, nítorí ẹ kò kà wá mọ́ àwọn tó yẹ kí ẹ bi.

2. Ẹ ní a kàn ń dáhùn ni.

Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ní orúkọ olórin 12 tí ẹ fẹ́ gbẹ́ sára òkúta. Kò sí elégbè kan níbẹ̀, kò sí onílù kan. Nísàlẹ̀ ìwé ọ̀hún ni ẹ ti là á yé wa pé àwọn tó jẹ́ olórin gan-an ni ọlá náà wà fún. Mo bi ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì yín pé kí ló dé tí a kò fi sí níbẹ̀. Ọmọ náà kò rí mi fín o; ó dọ̀bálẹ̀ kí mi kó tó fèsì. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, àwọn ọ̀gá ló ń kọrin. Ẹ̀yin kàn ń dáhùn ni."

N kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. N kò bínú sí ọmọ náà, ohun tó gbọ́ lẹ́nu yín ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn: wákà, àpàlà, fújì, èwo nínú wọn ni ẹ lè yọ ègbè kúrò nínú rẹ̀ tí nǹkan kan á ṣẹ́kù? Wákà tí ẹ ń wò yìí, kó tó dé orí rẹ́kọ́ọ̀dù, orin àwọn ìyá wa ni. Òun ni wọ́n fi ń pàdé ẹni tó ti Mẹ́kà dé, òun ni wọ́n fi ń sìnyàwó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń lé e, ìyókù á gbè é. Ẹni tó lé e lónìí lè gbè é lọ́la, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé ta ni olórin gan-an. Nígbà tí Bàtílì Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbé e dé orí àwo, tí Sàláwà Àbẹ̀ní náà ṣe àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1976, ohùn àwọn obìnrin mìíràn ló ń dáhùn lẹ́yìn wọn. Ẹ mọ àwọn ọ̀gá méjèèjì. Ẹ dárúkọ ẹnì kan péré nínú àwọn tó ń gbè é fún mi.

Ọmọ ìlú wa níbí ni Hárúnà Ìṣọ̀lá. Òun àti I.K. Dairo ló jọ dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù STAR sílẹ̀ ní 1969, kí olórin lè ní àwo ara rẹ̀. Ẹ gbé àwo bàbá náà kan sí i lálẹ́ òní, kí ẹ fetí sí i dáadáa. Nígbà tí ó bá dákẹ́ kó lè mí, ta ló ń gbé orin náà dúró kó má bàa ṣubú?

3. Bí orin náà ṣe wáyé.

Ọdún 1986 ni, àsìkò òjò. Ọkùnrin kan ní Àgọ́-Ìwòyè ń ṣe òkú bàbá rẹ̀. Ó ti sanwó fún Àlàájà, ó sì ní orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí lòun ń fẹ́. Lílé ti wà lẹ́nu Àlàájà láti ọjọ́ Ajé:

Ta ló kọ́lé? Ta ló fẹ́yàwó? Ta ló rán wa níléèwé?

Ègbè ni kò wá. Alẹ́ mẹ́ta la fi jókòó sẹ́yìnkùlé rẹ̀. A fi "Bàbá rere ni" dán an wò, a fi "Ọlọ́run ni" dán an wò. Bó bá ti dé ibẹ̀, orin á kú, bí ẹni ju òkúta sí kànga tí kò gbọ́ ìró omi.

Lọ́jọ́ kẹrin mo wà nídìí agbada gàárì ìyá mi ní Òkè-Àgbò. Ẹ̀gẹ́ tó ti lo ọjọ́ mẹ́rin lábẹ́ òkúta ni, tó ti kan bí gàárì wa ṣe ń kan. Èéfín ń ta mí lójú. Bí mo ṣe ń fi pẹ́lẹ́ igbá yí gàárì, ọwọ́ mi ti ní ìlù tirẹ̀: ṣáà, ṣáà-ṣáà, ṣáà, ṣáà-ṣáà. Mo gbójú sókè kí n lè nù ún, mo rí ọkọ́ bàbá mi tí wọ́n fi há àjà. Ọdún kẹta tí bàbá kú nìyẹn, ìyá mi kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ kalẹ̀. Ilẹ̀ ti jẹ irin rẹ̀ tán, èyí tó kù kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ọkọ́ yẹn ló rán mi dé ìwé mẹ́fà. Ni ẹnu mi bá là:

Ọkọ́ bàbá wa ni, ọkọ́ bàbá wa ló ṣe é.

Gàárì agbada yẹn jóná. Ìyá mi bú mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Iṣẹ́ kò tíì tán. Àlàájà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ohùn wálẹ̀ níparí "ọkọ́" kó lè bá lílé tirẹ̀ mu. Mo ní, "Àlàájà, ẹ má bínú o. Bí ohùn bá wálẹ̀ díẹ̀, ọkọ́ á di ọkọ. A ó wá máa kọ 'ọkọ bàbá wa' níwájú olókùú." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bó bá sì wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á di ọkọ̀, wọ́n á rò pé mọ́tò ni bàbá náà ń wà. Ìdí nìyẹn tí ègbè yẹn fi ń fò sókè bó bá ti kúrò lórí ọ àkọ́kọ́, tí lílé tó bá tẹ̀ lé e fi gbọ́dọ̀ gbéra láti òkè. Èmi ni mo tún lílé ọ̀gá mi ṣe kó lè bá ègbè mi mu, ọ̀gá mi sì gbà. Ìyẹn là ń pè ní híhun orin. A ṣọ́ ọkọ́ yẹn kó má di ọkọ, a ṣọ́ ọ kó má di ọkọ̀, ẹ̀yin wá gbé e sórí báńnà, ó di oko.

N kò bá òkú jà. Àlàájà ló ni lílé, èmi ni mo ni ègbè, bó ṣe rí lọ́kàn mi nìyẹn títí dòní. Lóde, bí a bá ti kọ ọ́ tán, á nawọ́ sẹ́yìn sí mi, á ní, "Ìyá Ègbè ló gbé e wá o!" Ẹni tó bá lọ sóde wa nígbà náà gbọ́ ọ.

4. Ẹ̀rí.

Ìwé ọmọ iléèwé kan wà lọ́wọ́ mi, olójú ewé 40, tí mo ń kọ ègbè sí láti 1981. Eku ti jẹ igun rẹ̀ kan, epo ti ta sí i, ṣùgbọ́n ègbè orin 31 wà níbẹ̀, "ọkọ́" sì wà lára wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ìdánrawò kan tún wà. Ohùn Àlàájà wà lórí rẹ̀ tó ń sọ pé, "Tún un gbé, Ìyá Ègbè, kí àwọn wọ̀nyí gbọ́ bí o ṣe gbé e."

Ẹ wá wo ẹ̀yìn páálí àwo tí a ṣe ní 1987, mo mọ̀ pé ẹ ní in torí òun ni ẹ ti yọ àwòrán orí báńnà. Àlàájà ló jókòó láàárín. Àwa elégbè mẹ́rin la dúró yí i ká lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe páálí gé wa kúrò létí rẹ̀. Kò gé wa tán. Èjìká òsì tó wọ àdìrẹ ní igun ọ̀tún yẹn, tèmi ni. Nínú ọdún 23 tí mo fi kọrin, èjìká yẹn nìkan ló dé orí páálí àwo.

Àwa méjì ló kù láyé nínú mẹ́rin. Ẹnì kejì wà ní Ìpẹru. Kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, kì í sì í tètè dá èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lé orin náà létí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá kò ní gbè é.

5. Òfin.

Agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan tá a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ló ka òfin kọ́píráìtì sí mi létí, èyí tí wọ́n ṣe ní 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Ohun tó yé mi níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó mi. Ẹni tó hun orin ló ni ín, àyàfi bó bá fi ìwé gbé e fún ẹlòmíràn. N kò fọwọ́ sí ìwé kankan rí. Náírà 50 tí mo gbà lóru ọjọ́ tí a lọ gba orin náà sílẹ̀ ní Èkó, owó ohùn ni. N kò ta orin fún ẹnikẹ́ni. Bí olórin bá sì kú, ẹ̀tọ́ yẹn ṣì wà fún àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọdún 70. Mo lọ rí àwọn ọmọ Àlàájà. Wọn kò mọ̀ pé ẹ ń lo orin ìyá wọn, ojú báńnà làwọn náà ti rí i.

Òfin ọ̀hún tún fún ẹni tó kọrin lẹ́tọ̀ọ́ lórí ohùn rẹ̀ tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Mo ní kí agbẹjọ́rò tún ibẹ̀ kà. Akọrin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sọ pé ẹni tó wà níwájú tàbí ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí wà, Nigerian Copyright Commission. N kò fẹ́ kó débẹ̀, ará ilé ni wá. Ọmọ ọmọ mi fi obìnrin ará Amẹ́ríkà kan hàn mí lórí fóònù, Darlene Love lorúkọ rẹ̀. Ní 1962, ohùn obìnrin yìí ni wọ́n gbà sórí àwo kan tó gbapò kìíní nílẹ̀ wọn, orúkọ ẹgbẹ́ olórin mìíràn ni wọ́n sì kọ sára rẹ̀. Ọdún 2011 ni wọ́n tó gbé orúkọ tirẹ̀ wọ ilé ọlá àwọn olórin wọn. Ọdún 49 nìyẹn. Èmi kò ní ọdún 49 nílẹ̀.

6. Iṣẹ́ elégbè, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún 17 ni mí ní 1979 nígbà tí Àlàájà mú mi. Kò ní kí n kọrin. Ó ní kí n gbè é, ó wá ṣẹ́jú sí àwọn onílù pé kí wọ́n dákẹ́ lójijì, ó fẹ́ wò ó bóyá ohùn mi á gbọ̀n. Ohùn mi kò gbọ̀n, ẹsẹ̀ mi ló gbọ̀n.

Elégbè ló ń gbọ́ èémí ọ̀gá. Ó ti mọ̀ pé ọ̀gá ti rẹ̀ kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó mọ̀, á sì fa ègbè gùn kó lè rí àyè mu omi. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ìkẹ́nẹ́, oríkì ọlọ́jọ́ fò lọ lórí Àlàájà, níwájú ọlọ́jọ́, níwájú gbogbo àlejò. Mo fi oríkì náà sínú ègbè, àwọn mẹ́ta yòókù gbà á lẹ́nu mi, Àlàájà gbọ́ ọ, ó sì gbé e bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ló ti wá. Owó rọ̀ bí òjò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo rántí pé ó fún mi ní ìró àti bùbá kan lọ́jọ́ kejì, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀gá ń jókòó, elégbè kì í jókòó. Mo fi oyún oṣù mẹ́jọ dúró kọrin ní Ṣágámù láti ẹ̀yìn ìrun ìṣáì títí wọ́n fi pèrun àsùbáà. Wọ́n á máa lẹ owó mọ́ iwájú orí ọ̀gá, ọmọkùnrin kan á máa ṣà á sápò. Èyí tó bá bọ́ sẹ́sẹ̀ wa, a kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú un. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ń pín in: awakọ̀, lẹ́yìn náà onílù, lẹ́yìn náà àwa. Awakọ̀ ṣáájú wa! N kò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi, nítorí iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, òun ni mo sì fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà tí ẹ ní kí wọ́n wá gberin lọ́jọ́ àjọ̀dún. Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìkókorè àti owó ọkọ̀ ni ẹ ṣèlérí fún wọn, nígbà tí gbajúmọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ ti gba ìdajì owó rẹ̀ sọ́wọ́. Wọ́n tún ní ẹ sọ pé kí wọ́n má yọ ohùn rárá: ẹ ó tan àwo Àlàájà, kí wọ́n kàn máa la ẹnu sí i. Ẹnu wọn, ohùn wa, ìkókorè kọ̀ọ̀kan. Ìkókorè náà kò burú o, ṣùgbọ́n a kì í fi í san owó ilé.

7. Ohun tí mo ń bèèrè.

Ẹ tún báńnà kọ. Níbikíbi tí ẹ bá ti kọ orúkọ orin náà, ẹ kọ orúkọ Àlàájà fún lílé àti orúkọ mi fún ègbè. Kí ẹ tó kọ ọ́ tàbí kí ẹ tó tan án lọ́jọ́ náà, ẹ wá bá èmi àti àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. A kò ní wọ́n jù, a kò sì ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti òkúta, n kò ní kí ẹ yọ ẹnì kankan nínú àwọn 12 náà, wọ́n yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbẹ́ orúkọ àwọn elégbè àti onílù sábẹ́ orúkọ ọ̀gá tí wọ́n bá ṣiṣẹ́. Ẹ kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹbí á gbé orúkọ wá. Èmi nìkan lè sọ mọ́kàndínlógún fún yín kí omi tó hó. Ní ti àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà yẹn, ẹ kọ iye tí ẹ ó san fún wọn sínú ìwé kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ohùn ara wọn kọrin. Mo ti gbọ́ wọn. Méjì nínú wọn dára ju bí mo ṣe wà nígbà tí mo jẹ́ ẹgbẹ́ wọn.

Ìdánrawò yín ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo ń bọ̀ níbẹ̀, n ó gbé ìwé náà àti kásẹ́ẹ̀tì dání. Ẹ bá mi wá rédíò tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tèmi ti bàjẹ́. Ẹni tó kun báńnà yín kò jìnnà sí ilé mi, mo sì ti yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní lórí ọkọ́, àmì mẹ́ta péré ni: ọ̀kan lábẹ́, ọ̀kan lábẹ́, ọ̀kan lókè. Ọ̀dà pupa ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀, àkàbà nìkan ló ní kí ẹ bá òun wá.

Èmi ni,
Ìyá Ègbè,
Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó.